Ta Ni Yóò Kọ́ Mi ní Ìlúwẹ̀ẹ́?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ Èkìtì ni mí, àárín òkè ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ mo pinnu lọ́dún àṣekágbá mi yìí pé mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹnì kan bi mí pé ṣé ẹja ni mo fẹ́ dà ni. Ẹlòmíràn ní ewì tí mò ń kọ ti ń gùn mí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdí tí mo ní kì í ṣe ewì.

Láìpẹ́, a óò di àgùnbánirọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí Kánò, kó múra sílẹ̀ fún oòrùn. Ẹni tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí Bàyélsà ńkọ́? Ó lè jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni yóò máa wọ̀ lọ sí ilé-ìwé tí yóò ti máa kọ́ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2024 pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi káàkiri ayé ní ọdún 2021. Ẹ pín in sí wákàtí, ẹ ó rí i pé ó ju 30 èèyàn lọ ní wákàtí kan ṣoṣo. Bí a bá sì fi iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹkùn Áfíríkà tiwa yìí ló burú jù. Àjọ náà ní kíkọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìlúwẹ̀ẹ́ wà lára ohun tó lè dín in kù. Ta ló kọ́ èmi àti ìwọ nígbà tí a wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Màmá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Àbúrò wọn kan kú sómi nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, nínú odò tí gbogbo ilé ti ń pọnmi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi ṣòfin pé omi kò gbọdọ̀ kọjá orúnkún ọmọ àwọn. Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ìwọ tó ò ń kọ́ Yorùbá, ṣé o ò tíì gbọ́ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ ni?” Mo ti gbọ́ ọ. Òwe náà kò sì purọ́, nítorí ẹni tó gbójú lé apá ara rẹ̀ ló máa ń lọ síbi tó jìn. Ṣùgbọ́n àbúrò wọn kì í ṣe òmùwẹ̀. Ohun tí mi ò lè sọ fún wọn lórí fóònù nìyẹn.

Kì í ṣe pé kò sómi ní Èkìtì o. Ìgèdè-Èkìtì tí a máa ń là kọjá bí a bá ń ti Adó lọ sí Arámọ̀kọ, ibẹ̀ ni orísun odò Ọ̀ṣun. Ẹ tún rìn síwájú dé Ìkògòsì, ẹ ó rí omi gbígbóná tó ń ṣàn lọ pàdé omi tútù. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ibòmíràn ló ti ń di odò ńlá. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ omi tí à ń pọn, tí a kò mọ omi tí à ń wọ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi ní Adó, púùlù hòtẹ́ẹ̀lì ló kù. Mo lọ wo ibi mẹ́ta kí n tó san kọ́bọ̀.

Ní ibi àkọ́kọ́, bàbá kan tó gbé fèrè kọ́rùn ló ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó mẹ́rìnlá. Wọ́n di etí púùlù mú, wọ́n ń fẹsẹ̀ lu omi, bàbá ń ka “wán, tú, wán, tú.” Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ó kan ọwọ́. Lẹ́yìn ọwọ́, ó kan mímí: ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fa èémí, ẹ dojú bomi, ẹ tú u jáde. Ó gé iṣẹ́ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń gé iṣu sébẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè sọ ibi tó bá a dé. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà sọ fún mi pé òun ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, òun mọ ẹsẹ̀, òun mọ ọwọ́, àmọ́ òun kò tíì lè fi ògiri sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn ò ka ẹ̀rù.

Ibi kejì, ìpàgọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni, nígbà họlidé. Ọjọ́ mẹ́ta péré, o ti di òmùwẹ̀! Ta ni kò ní fẹ́? Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń wòran. Ọ̀gá wọn kò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ, ó ní omi fúnra rẹ̀ ni olùkọ́. Wọ́n ń bẹ́ sí ibi tó jìn níkọ̀ọ̀kan, àwọn ọkùnrin méjì sì wà nínú omi tí wọ́n ń gbé wọn jáde. Mi ò ní parọ́, nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, àwọn kan lára wọn ń la púùlù já. Ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mu omi lọ́jọ́ kìíní kò padà wá lọ́jọ́ kejì, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò ìparí. Bí a bá ń ka àwọn tó yege, ẹ jẹ́ ká máa ka àwọn tó lọ sílé pẹ̀lú, jàre.

Ọ̀gá náà ní bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́ ọmọ nìyẹn, pé àwọn òyìnbó ló ń fi pátákó fóòmù kẹ́ ọmọ lójú omi. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ fún ọmọ yàrá mi tó wá láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí omi yí ilé ká. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì. “Ta ló ń ju ọmọ sómi? Ọmọ tí wọ́n fẹ́ tà ni?” Ó ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lòun máa ń dì mú, àwọn ẹ̀gbọ́n òun á sì wà nítòsí, títí òun fi jọ̀wọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Kò rántí ọjọ́ náà. Èmi náà wá lọ ka ìwé. Jean Barbot, ará Faransé kan tó wá sí etíkun wa ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn ọmọdé ní Elmina, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, tí wọ́n ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ìgbì òkun. Wọ́n so pátákó kéékèèké tàbí ìdì koríko odò mọ́ abẹ́ ikùn. Ẹ gbọ́ o! Àwọn ọmọ adúláwọ̀ ti ní ohun tó ń gbé wọn léfòó kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan fóòmù. Ẹni tó bá fẹ́ kó wa láyà jẹ, kó má fi orúkọ baba wa ṣe é.

Ibi kẹta ni mo yàn. Hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni, àǹtí kan ló ń kọ́ wa láàárọ̀ Sátidé, àwa mẹ́fà péré. Lọ́jọ́ kìíní, kò kọ́ wa bí a ṣe ń lọ. Ó bi wá níkọ̀ọ̀kan pé, “Kí ló ń dẹ́rù bà ọ́?” Nígbà tó kàn mí, mo sọ ti àbúrò màmá mi. Kò ní “pẹ̀lẹ́.” Ó ní, “Ó dáa. A ó kọ́kọ́ kọ́ bí èèyàn ṣe ń dìde dúró nínú omi.” Ká orúnkún wálé, fi ọwọ́ méjèèjì tẹ omi sílẹ̀, gbé orí sókè, fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. A ṣe é tó ogún ìgbà. Ìgbà tí a mọ̀ pé a lè dìde ni a tó gbà láti dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kí a léfòó. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa: afẹ́fẹ́ inú àyà ló ń gbéni, bí o bá sì ń na ọrùn sókè nítorí ìbẹ̀rù, ẹsẹ̀ rẹ á rì. Fi etí sínú omi, wo ọ̀run. Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju “wán, tú” lọ. Ewé ń léfòó, korobá òfìfo ń léfòó, kò sì sí èyí tó ń bá omi jà nínú wọn.

Ọ̀nà yìí ní àléébù tirẹ̀. Owó rẹ̀ ga ju ti bàbá onífèrè lọ, ó sì falẹ̀. Lẹ́yìn Sátidé mẹ́rin, ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ sí ìpàgọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ń la púùlù já, èmi ṣì ń sùn lórí omi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dojú dé láàárín odò ńlá, tí èèyàn ò sì rí etí bèbè, kì í ṣe ìsáré ló kọ́kọ́ nílò. Kó léfòó, kó máa mí, títí olùrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ sanwó nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yan olùkọ́, kó má béèrè ọjọ́ mélòó. Kó béèrè ohun tí olùkọ́ náà máa ń ṣe fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ní báyìí, mo lè léfòó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo sì ń la ìbú púùlù já. Mi ò tíì dé ibi tó jìn. Ní Sátidé tó kọjá, màmá mi wá. Wọ́n jókòó sórí àga oníke, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo na ara sórí omi, tí mi ò mira, wọ́n dìde, wọ́n pariwo orúkọ mi. Mo dá wọn lóhùn láìdìde, “Mo wà níbí, mà.” Wọ́n jókòó padà. Nígbà tí a parí, wọ́n lọ bá àǹtí náà, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n wá bi í pé eélòó ni wọ́n ń gbà lórí ọmọ ọdún mẹ́wàá.