Àga Tí Ó Ti Ara Àgbá Ọtí Jáde

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí a jọ dé Craigellachie, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Spey ní àríwá Skọ́tlándì. Òkìtì àgbá onígi ni ẹ óò rí níbẹ̀. Láti ọdún 1947 ni ilé iṣẹ́ Speyside Cooperage ti ń kan àgbá, tí wọ́n sì ń tún ògbólógbòó rẹ̀ ṣe.

Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú àwọn àgbá wọ̀nyí ti wá. Òfin ibẹ̀ ni pé inú àgbá óákù tuntun tí a fi iná jó nínú ni kí a rọ ọtí bourbon sí. Nítorí náà wọn a ta èyí tí wọ́n bá ti lò. Àwọn ará Skọ́tlándì a rà á, wọn a sì rọ wisikí sí i, ó kéré tán fún ọdún 3.

Bí àgbá bá gbó tán, àwọn káfíńtà a sọ ọ́ di àga ọgbà. Kò sí ìṣó, kò sí gúlù lára àgbá. Ọ̀já irin ni ó di àwọn pákó rẹ̀ mú. Pákó náà ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó gba ẹ̀yìn ènìyàn dáadáa. Wọn a ha èédú inú rẹ̀ kúrò, wọn a fi sáńpépà dán an, wọn a sì fi òróró pa á. Èyí tí a bá là sí méjì a di ìkòkò òdòdó. Wọn a lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde.

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń gbé ní ìlú òyìnbó lè bèèrè pé: ǹjẹ́ Mùsùlùmí lè jókòó lórí irú àga bẹ́ẹ̀? Ànábì wa (S.A.W.) ti kọ́kọ́ kọ àwọn ohun èlò kan tí a fi ń ṣe ọtí, lẹ́yìn náà ó yọ̀ǹda wọn, ó sì fi yé wa pé ohun tí ń pani bí ọtí ni èèwọ̀, kì í ṣe ohun èlò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fọ̀ ọ́ kí ó mọ́, kí òórùn ọtí sì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Bí ó bá jẹ́ odindi àgbá ni ẹ rà, ẹ má ṣe gbé iná súnmọ́ ọn, nítorí òórùn ọtí tí ó kù nínú rẹ̀ lè gbiná. Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó ní àlàáfíà.