Gìtá Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ohùn Tí Ìyá Mi Ń Retí

N kò mọ̀ pé gìtá oníná kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohùn ti ara rẹ̀, àfi ní ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù ẹ̀gbọ́n mi dé ilé wa ní Ìtamágà. Inú àpò dúdú kan tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́ ni gìtá náà wà. Láti nǹkan bí ọdún 1984 ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi í ṣeré nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n bí àríyá bá ti tú, tí ó bá ku òun nìkan nínú yàrá, jáàsì ni ó máa ń ta. Ámípù ńlá tí ó ń lò kò sí nínú ẹrù náà. Wọ́n ti tà á nígbà àìsàn rẹ̀.

Ìyá wa ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n gbé gìtá náà sórí ẹsẹ̀ òun. Ó fi ọwọ́ pa okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Àkànní, ta á kí n gbọ́.” Ìwọ̀nba tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo mọ̀. Mo ta kọ́ọ̀dù bíi mẹ́fà tẹ̀léra. Ìyá mi dákẹ́, ó gbé etí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?”

Bí mo ṣe di ẹni tí ń wá ámípù kiri nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń gbé ní àdúgbò wa mọ̀ pé iná mọ̀nàmọ́ná kì í bá ènìyàn dá àdéhùn. A ní ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń ba àyà ìyá mi jẹ́, ariwo rẹ̀ sì ju ti gìtá lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, èmi olùkọ́ kò tún lè máa sun bẹntiróòlù nítorí orin. Ámípù oníbátìrì ni yóò jẹ́, kékeré tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè máa rò pé ohun eré lásán ni mo ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń ta gìtá-báńjò rẹ̀ ní Èkó, agbára ọwọ́ nìkan ni ó gbé ohùn dé etí àwùjọ. Àyìndé Bákàrè ni àwọn tí ó kọ ìtàn jùjú sọ pé ó kọ́kọ́ lo gìtá oníná nínú orin náà, ní ọdún 1949. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó wú mi lórí jù. Bí gìtá àti ohùn akọrin ṣe wá ní agbára ni ààyè gba ìlù púpọ̀ sí i. Gángan rọ́nà wọlé, kò sì bo gìtá mọ́lẹ̀. Jùjú tí a mọ̀ lónìí ìbá má rí báyìí bí kò bá sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ní 1939, ni Charlie Christian gbé gìtá oníná wọ inú ẹgbẹ́ Benny Goodman. Ọmọ ọdún 25 péré ni nígbà tí ó kú ní 1942.

Ṣùgbọ́n Wes Montgomery ará Indianapolis ni mo ka ìtàn rẹ̀ tí mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní iṣẹ́ òòjọ́, ó ní aya àti ọmọ, alẹ́ nìkan ni ó fi ń kọ́ gìtá. Wọ́n ní nítorí kí ó má baà da oorun mọ́ àwọn aládùúgbò lójú ni ó ṣe ju ike tí a fi ń ta okùn sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ta á. Ohùn rọ̀bọ̀tọ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́ ti ibẹ̀ jáde. Odi ilé tiwa náà fẹ́lẹ́.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò pé mi. Ó kéré débi pé a lè fi í kọ́ bẹ́líìtì, bátìrì onífóólìtì 9 kan ṣoṣo ni ó ń lò. Ẹni tí ó tà á fún mi búra pé kò sí orin tí kò lè gbé. Mo gbé e délé, mo ta kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ìyá mi ní, “Oyin wo ló wọ inú ilé yìí?”

Ó tọ̀nà. Kọ́ọ̀dù jáàsì kì í sábà jẹ́ ohùn mẹ́ta bíi ti orin ìyìn. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó máa ń péjọ, àwọn mìíràn sì sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Bí ẹ̀rọ kò bá ní agbára tó, yóò gé orí ìgbì ohùn, ohùn méjì tí ó pàdé yóò sì bí ẹ̀kẹta tí ọwọ́ ènìyàn kò ta rárá. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì a máa wá ìhanhan yẹn kiri, wọ́n tilẹ̀ ń sanwó lé e. Fún jáàsì, ó dà bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ láì fi àmì kankan sórí wọn. Mo ti fi gègé pupa sàmì sí irú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Etí mi kò lè gbà á nínú ilé mi.

Mo wá jókòó, mo kàwé nípa rẹ̀. Pignose, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní ìtàn tí ó dùn, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í han. Àwọn tuntun kan ní bátìrì tiwọn nínú, wọ́n sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Wọ́n dára, àmọ́ n kò fẹ́ kí gìtá ẹ̀gbọ́n mi máa gba àṣẹ lọ́wọ́ fóònù. Ọkàn mi dúró lórí Micro Cube tí ilé-iṣẹ́ Roland ti Jàpáàn gbé jáde ní 2004. Wáàtì 2 ni, sípíkà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 5, bátìrì AA 6 ni ó ń jẹ. Ohùn kan wà nínú rẹ̀ tí ó fara wé JC-120, ámípù ńlá tí ilé-iṣẹ́ kan náà ti ń ṣe láti 1975, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ohùn tí kò ní àbàwọ́n.

Owó tuntun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mi méjì. Tòkunbọ̀ ni mo wá lọ. Mo gbé gìtá kọ́ èjìká, mo wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Maìlì 12, mo tún wọ òmíràn dé Oṣòdì kí n tó dorí kọ Alábà. Ọmọkùnrin tí ń tajà fẹ́ ki wáyà rẹ̀ bọ iná, mo ní rárá, bátìrì ni kí ó fi dán an wò, nítorí bátìrì ni yóò máa fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. (Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ ra irú rẹ̀, ẹ má gbàgbé èyí.) Ó ní, “Bàbá, gbogbo àdúgbò máa gbọ́ ọ o.” Mo ní ènìyàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ó gbọ́.

Kò pé tán o. Okùn tí ó nípọn jù lọ lára gìtá ń gbọ̀n tó ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sípíkà íǹṣì 5 kò sì lè ti afẹ́fẹ́ tó láti gbé irú ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Mo yí ohùn òkè sílẹ̀, mo sì gbé ẹ̀rọ náà sí kọ̀rọ̀ yàrá, níbi tí ògiri méjì ti pàdé, ohùn ìsàlẹ̀ sì kún sí i. Ní ti bátìrì, olówó pọ́ọ́kú tí a ń fi sí tọ́ọ̀ṣì kì í pẹ́ kú. Mo ra èyí tí a lè gba iná sí, méjìlá: mẹ́fà nínú ẹ̀rọ, mẹ́fà tí ń gba iná ní ilé-ìwé. Fóólìtì 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà jẹ́ 7.2 dípò 9, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́.

Mo ti gbé e wọ kíláàsì SS1 lẹ́ẹ̀kan. Mo ta igba, ìgbà àti igbá fún wọn láì la ẹnu, wọ́n sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì. Nígbà tí ó kan ìwé, mo fa ìka lórí okùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè!” Inú mi dùn dé ilé.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo ti Alábà dé ni n kò lè gbàgbé. Òkùnkùn bo gbogbo ojúlé, ẹ̀rọ amúnáwá kankan kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ta orin tí ẹ̀gbọ́n mi máa fi ń parí, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ títí mo fi dé ìdajì.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í sáré báyìí. Rọra ta á.”

Mo rọra ta á. Mo tún un ta. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, iná dé lójijì, àwọn ọmọ àdúgbò hó “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!” Mo dìde láti ki wáyà bọ iná kí bátìrì lè sinmi.

“Kí lo fẹ́ ṣe?” ni ìyá mi wí. Mo ṣàlàyé fún un.

“Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà,” ó ní. “Jókòó, kí o parí rẹ̀.”