Kí ohùn àwọn àgbà wa má wà ní ojú kan



Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: àlọ́, oríkì ìdílé, orin oko. Orí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni ojúewé tí a kó wọn sí wà. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá a lọ. Méjì nínú àwọn ìyá àgbà náà sì ti papò dà. Ta ni yóò tún un sọ fún wa?

Èyí ló mú mi kọ́ nípa IPFS. Juan Benet ló pilẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde fún aráyé ní 2015. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì lè kọ́ ètò tiwọn lé e lórí.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀, àdírẹ́sì ilé la fi ń wá nǹkan. Bí ilé bá wó, ó parí. IPFS kì í béèrè ilé. Ordinateur, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ̀ǹpútà, á ṣírò kóòdù kan láti inú fáìlì fúnra rẹ̀. Ẹ kà á sí oríkì fáìlì náà. Ẹni tó ń wá a á ké oríkì yẹn, ẹ̀rọ yòówù tó bá ní in á dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà, oríkì á yàtọ̀, a ó sì mọ̀.

Ní oṣù Kẹrin 2017, ìjọba Tọ́kì ti Wikipedia pa. Àwọn oníṣẹ́ IPFS kó ẹ̀dà ti èdè Tọ́kì sórí rẹ̀, kí àwọn èèyàn lè máa rí i kà.

Àmọ́ kò sí idán níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀dà, fáìlì á pòórá. Ohun tí ẹlòmíràn bá sì ti gbà kò ṣeé gbà padà mọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ awo kò gbọdọ̀ débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn àgbà tí kò yọ̀ǹda rẹ̀.

Àwa olùkọ́ mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù: ẹ̀dà kan ní Kétu, ọ̀kan ní Ṣábẹ, ọ̀kan ní Àjàṣẹ́. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ẹni tó bá ní ordinateur tí iná rẹ̀ máa ń dúró, kó bá wa tọ́jú ọ̀kan.