Bàálù Lè Pẹ́, Ṣùgbọ́n Ọkọ̀ Ojú Omi Kì í Dúró

Púpọ̀ nínú yín ni àwọn ọmọ yín wà ní òkè òkun, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí wọn yóò fi tọ́jú òbí. Ẹlòmíràn á kọ́ ilé, ẹlòmíràn á ra mọ́tò. Àwọn kan sì wà tí wọ́n máa ń sanwó kí bàbá àti ìyá wọn lè wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá, kí wọ́n lọ gbafẹ́ lójú òkun fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà sọ fún ènìyàn: bàálù lè pẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹni tó pẹ́. Àárín méjèèjì yìí ni wàhálà wà, ohun tí a sì fẹ́ bá yín sọ nìyẹn.

Kì í ṣe ìkà ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró. Ọkọ̀ afẹ́ ńlá lè kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti gba àyè sílẹ̀ fún un ní èbúté tó ń lọ, ní wákàtí kan pàtó. Atọ́kọ̀ tí yóò mú un jáde kúrò ní èbúté ti dé, ọkọ̀ mìíràn sì lè ti máa bọ̀ wá gba ibi tó wà. Wọ́n sábà máa ń ti ẹnu ọ̀nà ní wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú àkókò tí ọkọ̀ yóò ṣí, nítorí pé wọ́n ní láti fi orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Bí ìwé yín bá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe fi ọkàn sí aago márùn-ún rárá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwa àti ìyàwó wa pé ọgbọ̀n ọdún tí a ti ṣe ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin wa tó wà ní London, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa, ló ní òun fẹ́ fi ìrìnàjò ojú omi ta wá lọ́rẹ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru ló sì fi kó owó náà jọ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ọkọ̀ náà yóò ṣí láti Southampton ní ọjọ́ Sátidé, yóò lọ sí La Coruña ní ilẹ̀ Sípéènì àti Lisbon ní ilẹ̀ Potogí, yóò sì padà. Físà méjì ni èyí túmọ̀ sí fún ọmọ Nàìjíríà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Schengen. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé bí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ wọ bàálù lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté tó kàn, físà orílẹ̀-èdè yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ bi yín. Àwọn ọlọ́kọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo èbúté ni wọ́n ti ń gba ènìyàn wọlé.

Ọmọ wa gbọ́n. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí yóò gbé wa dé London ní Ọjọ́bọ̀, kí ọjọ́ méjì lè wà láàárín. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, a ti jókòó sí pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, gbogbo ìwé wa pé. Aago mẹ́wàá lù, aago mọ́kànlá lù. Nígbà tó yá, wọ́n ní nǹkan kan bàjẹ́ lára bàálù, pé ohun tí wọn yóò fi tún un ṣe ń bọ̀ láti ibòmíràn. Ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe máa ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń pariwo mọ́ ọmọbìnrin kékeré tó wà ní káńtà, bí ẹni pé òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Àwọn kan kó ara wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń dè ẹ̀mí ìdádúró. Ọ̀kan nínú wọn dá wa mọ̀, ó ní, “Dádì, ẹ wá bá wa gbàdúrà yìí, iṣẹ́ ọ̀tá ni.” A bá a gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà tiwa ni pé kí Ọlọ́run fún ẹni tó ń tún bàálù náà ṣe ní ojú tó ríran kedere. Kì í ṣe gbogbo ìdádúró ni ẹ̀mí èṣù wà nídìí rẹ̀. Bàálù tó bàjẹ́ lórí ilẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀ láti gbé e sókè, iṣẹ́ olóòótọ́ ènìyàn nìyẹn.

Nígbà tí a dìde dúró fún ìgbà kẹwàá láti lọ wo ojú pátákó, ìyàwó wa ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ìdúró yín kọ́ ni yóò mú bàálù wá.” A jókòó. Ó tú ike móínmóín tó dì mọ́wọ́, ó gbé ọ̀kan fún wa, ó sì gbé ọ̀kan fún ọmọbìnrin tó wà ní káńtà. Inú àwo tí wọ́n ń gbà wá lálejò kọ́ ni oúnjẹ yẹn ti wá, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ, ọmọ náà ló ń wá bá wa níbi tí a jókòó láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la tó gbéra. Ní ìlú tí a ti máa pààrọ̀ bàálù, èyí tó yẹ kí a wọ̀ ti lọ tipẹ́, gbogbo èyí tó ń lọ ní ọjọ́ Ẹtì ló sì kún, àfi ti òru. Wọ́n fún wa ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni a ti pe ọmọ wa. Ọmọ náà bú sẹ́kún lórí fóònù. Ó ní, “Dádì, wọn kì í dá owó yẹn padà o.” Kí ni bàbá lè sọ? A sọ fún un pé bí ọkọ̀ bá lọ, ìfẹ́ tó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì náà kò bá a lọ, pé kí ó lọ sùn nítorí pé òun ni yóò wakọ̀ wa. Lẹ́yìn tí a gbé fóònù sílẹ̀, àwa náà kò rí oorun sùn. Òru ọdún méjì lójú ọmọ ẹni kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gbé kúrò lọ́kàn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n kọ́ wa ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ẹ tún un kà kí ẹ tó rìnrìn àjò. “Àwa” ni Lúùkù ń pe ara rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ó wà nínú ọkọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ dojú kọ wọ́n, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, àkókò lọ, ìjì sì jà wọ́n fún òru mẹ́rìnlá. Ènìyàn 276 ni wọ́n, ọkọ̀ fọ́, kò sì sí ẹni tó kú. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò ní Málítà kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn. Ohun tó máa ń wù wá jù níbẹ̀ ni pé Pọ́ọ̀lù rọ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun. Òru ọjọ́ yẹn ni ó tó yé wa bí ìmọ̀ràn yẹn ṣe wúlò tó, nítorí pé ebi wà nínú ìbínú púpọ̀ tí à ń rí ní pápákọ̀ òfurufú.

Ní ẹnu ọ̀nà bàálù kejì, wọ́n ní àyè ẹrù ti kún, kí ìyàwó wa jọ̀wọ́ báàgì ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n kó o sí ìsàlẹ̀. Kò bá wọn jà. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, ó yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, gíláàsì ojú, àti ìwé ọkọ̀ ojú omi sínú náílọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ ó bá gba ohun kan gbọ́ nínú gbogbo ohun tí a kọ yìí, ẹ gba ti náílọ́ọ̀nù yẹn gbọ́. Nígbà tí a dé Heathrow ní àárọ̀ Sátidé, báàgì náà kò dé, àpótí wa méjèèjì kò sì dé.

Ọmọ wa ti fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí wa tẹ́lẹ̀ pé kí a sọ ọ́ sínú àpótí, èyí tó máa ń fi ibi tí ẹrù wà hàn lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ẹrù wa ti wà ní London, pé kí a dúró. Fóònù ní ó ṣì wà ní ìlú tí a ti pààrọ̀ bàálù. Fóònù ló sọ òótọ́. A kò dúró mọ́. A kọ ẹ̀sùn ẹrù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n fún wa ní ìwé tó ní nọ́ńbà, a sì jáde.

Láti Heathrow dé Southampton tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ìjàm̀bá mọ́tò ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà M3, a sì ń rìn bí ìgbín. Wọn yóò ti ẹnu ọ̀nà ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Ibùwọkọ̀ márùn-ún ló wà ní èbúté yẹn, wọ́n sì jìnnà síra. Ọmọ wa ti pe wọ́n láti ojú ọ̀nà, ó bi wọ́n èwo ni tiwa, ó sì ṣàlàyé pé a ń bọ̀. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la sọ̀kalẹ̀. Kò sí àkókò láti ya fọ́tò. Ó ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni ti ọmọ ilé-ìwé, ó ní, “Mọ́mì, ẹ lọ, ẹ lọ!” Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti Southampton yìí kan náà ni Titanic ti ṣí ní April 10, ọdún 1912. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan tó yẹ kí wọ́n máa dáná ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àwọn Slade, pẹ́, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lójú ọ̀nà wọn. Ọkọ̀ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀mí wọn sì yọ. A ti gbọ́ tí wọ́n fi irú ìtàn yìí wàásù pé gbogbo ẹni tó pẹ́ ni Ọlọ́run ń yọ nínú ewu. A kò fara mọ́ ọn. Àwọn tó lé ní 1,500 tó kú nínú omi náà ní ìyá tó ń gbàdúrà fún wọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Bí bàálù yín bá gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí tí ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yúróòpù bá gbé yín lọ síbẹ̀, òfin ní kí wọ́n fún yín ní oúnjẹ àti ibi tí ẹ ó sùn bí ó bá pẹ́. Fún ọ̀nà tó jìn bíi ti Èkó sí London, owó ìtanràn lè tó £520 bí ẹ bá pẹ́ kọjá wákàtí mẹ́rin, tí ẹ̀bi sì jẹ́ tiwọn. Ti ojú ọjọ́ kò sí nínú rẹ̀, bíi ti eérú òkè oníná Iceland ní April 2010 tó dá bàálù Yúróòpù dúró fún bí ọjọ́ mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ tó gbé wa kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ṣùgbọ́n àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, dáàbò bo ẹrù wa. Bí ẹrù bá pẹ́, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ 21 tí ó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí ó bá bàjẹ́, ọjọ́ méje péré ni. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí àwọn ọmọ ra bàálù àti ọkọ̀ ojú omi pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, nítorí pé ẹni yẹn ni wàhálà ìdádúró yóò kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Aṣọ kan náà ni a wọ̀ dé La Coruña. Ní alẹ́, ìyàwó wa á fọ ṣẹ́ẹ̀tì wa nínú básíà kékeré tó wà ní ilé ìwẹ̀, ní àárọ̀ a ó wọ̀ ọ́ ní tútù-tútù. Ní alẹ́ tí àwọn èrò yòókù wọ kóòtù dúdú lọ jẹun, a ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá sí yàrá, a ṣí fèrèsé, a sì sọ̀rọ̀ di òru. Ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti jókòó bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó kan ilẹ̀kùn láti wá rí pásítọ̀. Ní La Coruña a ra ṣẹ́ẹ̀tì méjì, bàtà, àti kaba kan. Ní Lisbon a ra sálúbàtà.

Ẹrù wa ti dé ilé ọmọ wa kí a tó padà. A kọ̀wé, a fi rìsíìtì ránṣẹ́, ó sì gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n san owó ṣẹ́ẹ̀tì, bàtà àti kaba. Wọn kò san ti sálúbàtà, nítorí pé òjò ti pa rìsíìtì rẹ̀ nínú àpò wa, wọn kò sì lè ka nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀.