Réjísítà Ni Iléèwé Wa

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ti iléèwé pa nítorí àrùn Kòrónà, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé kí ọmọ iléèwé máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa tí a wà ní SS3 ní Òkìtìpupa ń wo ara wa lójú. Íntánẹ́ẹ̀tì wo? Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Ìkálẹ̀ kò ti rí iná ìjọba. Kí fóònù tó tàn, a ó sanwó níbi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ chájì. Bó bá sì tàn, bàbá ló ni ín, bàbá sì ti gbé e lọ sóko ọ̀pẹ.

Orí àwọn ọ̀gá iléèwé ni wàhálà yìí já lé. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń darí iléèwé tí kò sọ́mọ nínú ọgbà rẹ̀. Púrínsípà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, kò sọ̀rọ̀ Zoom rárá. Réjísítà ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n ní kí àwọn tíṣà wádìí orúkọ kọ̀ọ̀kan: ta ló ní fóònù nílé, ta ló ní rédíò, ta ni kò ní ìkankan?

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín wa sí mẹ́ta. Àwọn tó ní fóònù wà lórí WhatsApp, tíṣà á sọ̀rọ̀ ránpẹ́ sínú voice note kí dátà má bàa tán. Àwọn tó ní rédíò ń tẹ́tí sí ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́. Fún àwọn tó kù, wọ́n tẹ nóòtì sórí bébà, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta pupuru lóríta. Ọjọ́ Ajé la ń gbà á, ọjọ́ Ẹtì la ń dá iṣẹ́ padà.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀. Nígbà tí Ebola ti iléèwé pa ní Sierra Leone ní 2014, orí rédíò ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ lọ, torí òun ló wà lọ́wọ́ aráàlú.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ní kí SS3 padà. WAEC máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17. Àga méjì ṣófo ní kíláàsì wa. Mọ́mì tún gbé réjísítà, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn lọ sílé àwọn méjèèjì. Ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa. Ó padà, ó sì jókòó ìdánwò. Èkejì ti ń gun ọ̀kadà, torí ọjà ìyá rẹ̀ ti wọmi láti ìgbà kónílé-ó-gbélé. Owó tó ń mú wálé ni wọ́n fi ń jẹun. Mọ́mì bẹ̀bẹ̀ títí. Kò padà.

Lónìí, tí wọ́n bá ní ká da ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ti inú kíláàsì, a kì í jiyàn. Ó dáa. Àmọ́ ẹ̀rọ lè gbé ohùn tíṣà dé Òde-Ayé, kò ní sọ fún un pé ọmọ kan ti wà lórí ọ̀kadà. Ẹ̀yin tí ẹ máa di ọ̀gá iléèwé lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti mọ ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wàhálà mìíràn tó dé.