Bí Ọkọ́ Ṣe Di Ọkọ ní Ìkàrẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ni mo bá wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀wù tí à ń wọ̀ lọ sí òde ìyàwó. Ẹ̀wù tí ojú ìwé ń wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ń wí, èyí tí àwọn tí ó ṣe é ń pè ní theme. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ń ronú àtiní irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọjà tàbí fún ilé-ẹ̀kọ́ yín. Àwọn mìíràn sì ti ní i, ṣùgbọ́n kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú kálámù.

Ọ̀kà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tísà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ohun èlò oko ní Ìkàrẹ́: ọkọ́, àdá, àáké, ṣọ́bìrì àti ìṣó. Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ láti Ọ̀kà, tí ó gba Àkùngbá kọjá níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń dúró de ọkọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tí ó sún wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọmọ Àkókó tí ó wà ní Èkó, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó ṣì ń dáko nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọ́n bá lè rí ọjà òun níbi tí wọ́n wà, wọn yóò sanwó, òun yóò sì fi ọkọ́ méjì àti àdá kan ránṣẹ́ sí bàbá wọn ní abúlé. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí, mo sì ṣì kà á sí bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ó bá wa ṣí ojú ìwé lórí WordPress. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ohun èlò ọ̀fẹ́ ni, tí Matt Mullenweg ará Amẹ́ríkà àti Mike Little ará Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. Ní ọdún 2005 ni wọ́n ṣe é kí ojú ìwé lè máa pààrọ̀ ẹ̀wù láìjẹ́ pé a tún gbogbo rẹ̀ kọ. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yí àwọ̀ ilé rẹ̀ padà ní láti fọwọ́ kan ògiri fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí ibi ìkó-ẹ̀wù-sí fún wa, ojú wa ṣú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi mú èyí tí ó pupa tí ó dúdú, tí àwòrán ńláńlá mẹ́ta ń sáré lójú rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ó ní ó jọ ti àwọn olówó. Èmi bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kò rò pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù?” Ó ní, “Tísà, ìwọ lọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ, jẹ́ kí n ta ọjà mi.” Mo pa ẹnu mọ́. Ta ni yóò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn lórí owó tí kì í ṣe tirẹ̀?

Ó dára lójú ná. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ọjà sí i ní èdè wa, àwọn àmì ohùn kò dúró síbi tí ó yẹ. Àmì tí ó yẹ kí ó wà lórí ọ̀rọ̀ kan yóò sún sí àárín ọ̀nà, yóò dúró láàrin lẹ́tà méjì bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀. Níbòmíràn, àpótí kékeré òfìfo ni a ń rí dípò lẹ́tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa wò ó, ó ní ó ń ba ẹwà iṣẹ́ òun jẹ́, ó sì nu gbogbo àmì náà kúrò láìbi ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kó ọjà tuntun dé, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé ọkọ́ tuntun ti dé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó jáde. “Ọkọ tuntun ti dé, ó wà fún títà, ẹ tètè wá mú tiyín.”

Àwọn obìnrin ilé wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ fi ṣẹ̀rín. Ọ̀kan tẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi láago láti béèrè bóyá wọ́n ní èyí tí ó ga, tí kì í sì í hanrun. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ kan ẹ̀rín náà ti korò. Àwọn kan ń pín àwòrán ojú ìwé náà kiri lórí fóònù bí ẹ̀fẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tí ó ti ń ta irin láti ìgbà tí èmi wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí kò jẹ gbèsè rí, wá di ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá ọlọ́kọ. Oníbàárà kan sì sọ ojú abẹ níkòó fún un pé òun kò lè fi owó òun ránṣẹ́ sí ibi tí wọn kò ti lè kọ orúkọ ohun tí wọ́n ń tà. Ó dùn ún. Ó ní kí a ti ojú ìwé náà pa.

Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ wádìí ìdí ọ̀ràn náà, mo sì rí i pé kì í ṣe Yorùbá ni ó le. Nínú ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà, tí à ń pè ní Unicode, ẹ àti ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ tí ó ru àmì ohùn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ kọ, a ó wá gbé àmì lé e lórí bí ẹni ń gbé ẹrù lé ọmọ lórí. Bí ẹni tí ó ya lẹ́tà ẹ̀wù kan kò bá ro ti Yorùbá rárá, kò ní ṣe òṣùká, ẹrù náà yóò sì yẹ̀. Láti ọdún 1875, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe alága ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè yìí, ni àwọn baba wa ti ń làágùn lórí àmì wọ̀nyí. Kò yẹ kí ẹ̀wù pupa kan nù wọ́n dànù lóòjọ́ kan.

Mo wá rí i pé irú àwọn lẹ́tà kan wà tí Google ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Noto, tí a dìídì ṣe nítorí kí àpótí òfìfo yẹn má baà máa yọ mọ́ ní èdè kankan. Wọ́n ń fi orúkọ wàrà sóyà àwọn ará Japan, tofu, pe àpótí náà, láti inú “kò sí tofu” ni wọ́n sì ti fa Noto yọ. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìdánwò kan fún ẹ̀wù: mo máa ń kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí ìlà kan, ní lẹ́tà ńlá àti ní kékeré. Èyí tí kò bá lè gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó máa lọ.

Ìdánwò kejì ni fóònù ọmọọṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí ojú rẹ̀ ti sán, tí ó ti pẹ́. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà ńlá ẹni tí ń ta ẹ̀wù fún yín wò ó. Lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù wa, àwòrán mẹ́ta tí ń sáré nnì jẹ dátà bí ewúrẹ́ ti ń jẹ èèpo iṣu, ọmọ náà sì ti sanwó oríṣiríṣi kí ọkọ́ kan ṣoṣo tó yọjú.

Ẹ̀rù tí ó ba ẹ̀gbọ́n mi jù ni pé bí a bá bọ́ ẹ̀wù àtijọ́, àwòrán ọjà àti iye owó tí a fi oṣù méjì kó jọ yóò bá a lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àká ni ọ̀rọ̀ àti àwòrán wà. Ẹ̀wù kàn ń gbé wọn hàn ni. Ohun tí ó lè bọ́ tàbí kí ó pòórá lójú ni àwọn ohun tí a so mọ́ ara ẹ̀wù fúnra rẹ̀: àwọ̀ tí a yàn, ètò àkọlé òkè, àti nọ́ńbà fóònù tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Nítorí náà mo ní kí ọmọọṣẹ́ da gbogbo ìwọ̀nyí kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ó sì ya àwòrán ojú ìwé ti àtijọ́, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. A tún ṣe ẹ̀dà gbogbo ilé náà pamọ́. Ibì kan sì wà tí a ti lè dán ẹ̀wù tuntun wò kí aráyé tó rí i. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni a fi lò ó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa gbọ́, ó mú ẹ̀wù olówó iyebíye kan wá, ó ní òun mọ ibi tí wọ́n ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, pé kí a fún òun ní owó ọtí. Mo kọ̀. Inú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ni àwọn olè máa ń fi ohun ìkọ̀kọ̀ pamọ́ sí, tí yóò máa ṣílẹ̀kùn fún wọn lẹ́yìn. Ẹ̀wù ọ̀fẹ́ tí àwọn WordPress fúnra wọn ń ṣe, tí wọ́n ń fi ọdún sọ lórúkọ láti 2010, ni a mú nínú rẹ̀: funfun, kò ní ariwo, a sì fi lẹ́tà Noto sí i. Ẹ má rò pé ẹni tí ó bá yí ojú ìwé rẹ̀ padà ti tẹ́. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, Yorùbá nìkan ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ọjà ti tú, ni a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó rí “Ọkọ́” tí àmì rẹ̀ jókòó ṣinṣin lórí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú fóònù bí ẹni ń wò ó bóyá yóò yẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn tí ó wá ra ọkọ ní oṣù tí ó kọjá, ọjà ti tán, ṣùgbọ́n ọkọ́ pọ̀ nílẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tí ó bínú nnì ni ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ padà. Àdá méjì ni ó rà fún bàbá rẹ̀ ní Ọ̀kà, èmi ni mo sì gbé e lọ.