Àfonífojì Ẹmu Tiwa: Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan láti Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá ti ń ka Bíbélì láti kékeré kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ọgbà àjàrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ni ó ti fi ojú rí i. Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn ìdílé a máa wa ọkọ̀ lọ wo àfonífojì odò Rhine nígbà ìsinmi, níbi tí àjàrà gbé bo ẹ̀gbẹ́ òkè. Àwa náà ní àfonífojì ẹmu tiwa, ẹni tí ó bá sì jí ní kùtùkùtù lè lọ kí ó sì bọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìdílé mẹ́ta ni àwa tí a jọ lọ nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan. A di móínmóín àti ẹ̀kọ sínú ọkọ̀ ní Bódìjà, a sì yà gbé ìdílé kejì ní Agbowó, ní ọ̀kánkán Yunifásítì Ìbàdàn. Ní yunifásítì yìí ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá ti ṣe eré Ọ̀mùtí ní ọdún 1963, èyí tí ó mú jáde láti inú ìwé Amos Tutuola nípa ọ̀mu kan tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Láti ibẹ̀ ni a ti bọ́ sí Ìwó Road, a sì kọrí sí ọ̀nà Ifẹ̀.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà, a dé Asejire, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kí Ìbàdàn lè rí omi mu, nítorí pé adágún Ẹlẹ́yẹlé ti ọdún 1942 kò tó ìlú mọ́. Àwọn olùtajà ẹja wà létí títì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ẹmu níláti kúrò lójú títì, kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí àbàtà àwọn odò kéékèèké, nítorí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rì ni igi ògùrọ̀ fẹ́ràn.

Adẹ́mu a gun àkàsọ̀ dé orí igi ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, a fi ọ̀bẹ mímú bẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́, oje a sì máa kán sínú agbè. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán, ó dùn bí oyin, àwọn ọmọ wa sì tọ́ ọ wò tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí ojú kò rí a wọ inú rẹ̀ kíá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń hó; bí ó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti kan.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó mú wa ronú. Àjàrà a máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pẹ pàápàá sì lè yè lẹ́yìn tí a bá ti dá ẹmu lórí rẹ̀ lóòró. Ògùrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà a kú. Oje tí ìbá fi so èso ni àwa ń mu. Nítorí náà, igi tí a bá dá kì í fi irúgbìn sílẹ̀. Bí a bá dá gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀kan sí, àbàtà yóò ṣófo, ẹmu yóò tán, ìko tí a fi ń di ẹrù àti imọ̀ tí a fi ń bo ahéré yóò sì bá a lọ.

Bí a ti ń gbé ìdílé kẹta padà sí Challenge, a gba Dùgbẹ̀, a sì kọjá lórí Ògùnpa. Àfonífojì ni ibẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilé ni a fi dí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi gba ọ̀nà rẹ̀ padà, ó sì gbé ẹ̀mí tí ó ju 200 lọ. Omi tún gbé ènìyàn lọ ní Ìbàdàn ní ọdún 2011. Àbàtà tí a rò pé kò wúlò ni ó ń gba omi dúró.

Ẹ lọ wo àfonífojì náà, ẹ̀yin ará. Kí ẹ tó rà, ẹ bi adẹ́mu léèrè mélòó ni ó dá sí kí ó lè so. Ẹni tí ó bá lè nawọ́ sí igi tí ó dá sí, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á.